Àwọn Àkùkọ Abólọ́rùn Àkànó

Àkànó ní bí àkùkọ òun bá kọ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, òkú mẹ́ta máa ń dìde jókòó ní itẹ́ òkú Iléṣà, kí wọ́n tó rántí pé àwọn ti kú, kí wọ́n sì tún dùbúlẹ̀. Ó ní bí NEPA bá múná lọ, tí àkùkọ náà bá ti na ọrùn pupa rẹ̀ sókè, kíá niná á dé. Ẹnu Àkànó nìyẹn, ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn gáréèjì lọ, kò sì sí nǹkan nínú rẹ̀ ju itọ́ lọ.

Ìgbà tí iṣẹ́ rélùwéè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òṣogbo ló wálé wá sin adìyẹ abólọ́rùn, irú èyí tó jẹ́ pé láti inú ẹyin ni ọrùn rẹ̀ ti wà ní ìhòòhò. Àkùkọ mẹ́ta ló ní. Ó ti búra pé òun ni yóò gba ipò kìíní níbi ìdíje ẹran ọ̀sìn n'Iléṣà nígbà ìkórè.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, èyí tó tóbi jù kú sínú àgò. Kò ṣàìsàn, ejò kò sì bù ú jẹ. Ní ọjọ́ kẹrin, ìkejì tẹ̀lé e.

Làbákẹ́, opó ẹ̀gbọ́n Àkànó, ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Àkànó dúró láàárín agboolé, ó ń sọ fáwọn èèyàn pé ẹyẹ dúdú kan, tó tóbi tó mọ́tò akẹ́rù, ló ń ti òrùlé opó náà fò wá fa ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn àkùkọ òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin kan ti rántí pé ọmọ òun yàgbẹ́ gbuuru lọ́dún tó kọjá. Òmíràn rántí ilá rẹ̀ tí kò so. Obìnrin yìí, tí kò ro oko ilá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ló sì ń pariwo jù.

Wọ́n ní kí Làbákẹ́ kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ẹ̀sà-Òkè. Ta ló kù fún un níbẹ̀? Ilé bàbá rẹ̀ ti wó, igi ìbẹ́pẹ ti hù nínú yàrá tí wọ́n bí i sí. Yàrá kan tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un yìí ni gbogbo ohun tó ní láyé.

Ṣùgbọ́n Làbákẹ́ ti ń sin adìyẹ kí Àkànó tó mọ ikun nù. Ó lọ bá Bàbá Elisha, olórí agboolé, ó ní kí wọ́n gbé àkùkọ tó kù sọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí òun àti Àkànó má fọwọ́ kàn án. Bó bá kú, òun yóò lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àkànó yarí. Ó ní bí òun kò bá fọwọ́ pa adìyẹ náà lọ́rùn ní Sátidé, oòrùn kò ní yọ lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá Elisha gbé àkùkọ náà lọ sílé, ó ní kí oòrùn máa sùn.

Lóru ọjọ́ karùn-ún, òwìwí kan ké lórí òrùlé Làbákẹ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó jókòó lé e lórí, ó ń retí ìròyìn òkú. Ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ni àkùkọ kọ. Ó tú ẹrù.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, wọ́n ṣí àgò. Àkùkọ sanra, ó ń rìn láàárín àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ ti hù yí ọrùn rẹ̀ ká, wúruwùru, bí irùngbọ̀n ọkùnrin tó ti pẹ́ lọ́sibítù.

"Ẹ ò rí i báyìí," Àkànó ní. "Ó ti fi àjẹ́ hu ìyẹ́ sí adìyẹ mi lọ́rùn."

Làbákẹ́ wò ó bí ẹni ń wo ohun tí ajá bì. "Ọkọ mi, àjẹ́ tó ń pa adìyẹ lẹ ní ẹ ń wá. Ìgbà wo ló di èyí tó ń dáṣọ fún un?"

Bàbá Elisha kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Àkànó gbé adìyẹ rẹ̀. Bí Àkànó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e, àkùkọ figbe ta, ó sáré kó sábẹ́ ìró Làbákẹ́, ó ń gbọ̀n. Wọ́n wọ yàrá Àkànó. Wọ́n bá eérú, agolo kẹrosíìnì, àti àpò kan tó kún fún ìyẹ́ ọrùn adìyẹ. Adìyẹ lásán ni àkùkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kì í ṣe abólọ́rùn. Àkànó ló ń fa ìyẹ́ ọrùn wọn tu, ó ń fi kẹrosíìnì ra ojú ibẹ̀ kó má baà hù mọ́. Kẹrosíìnì náà ló pa méjì tó kú.

"Àkànó, ta ni àjẹ́?" Bàbá Elisha bi í.

Àkànó ní ìdáhùn òun gùn, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ yà tọ̀. Wọ́n gbà fún un. Ìtọ̀ náà gbé e gba ẹ̀yìnkùlé, ó gbé e kọjá títì, kò sì dá títí ó fi gbé e dé Òṣogbo.