Ṣẹ́ẹ̀tì Jayé

Ọjọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ Jayé, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mẹ́ta ṣì wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé ní Ìkòsí. Àbúrò rẹ̀, Martha, ló ká wọn. Bàbá àti ìyá wọn ti kú tipẹ́. Òun nìkan ló kù sínú ilé náà.

Láti ìgbà náà kò wọ búláòsì mọ́. Ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà fẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, èjìká wọn wálẹ̀ dé apá, wọn kò sì jẹ́ kí àyà tàbí ìbàdí rẹ̀ hàn. Ní Kẹ́tu wọ́n ń pè é ní bọ̀ọ̀dá. Kì í sọ fún wọn pé òun kì í ṣe ọkùnrin.

Ní oṣù kẹta, ọ̀kan ya lábẹ́ apá. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹkúndayọ̀ télọ̀.

"Ẹ wọlé, sà. Ṣòkòtò ni àbí bùbá?"

"Sà kọ́ o."

Télọ̀ náà tún un wò, ó fi téèpù bo ojú. "Ẹ má bínú, Aunty. Èmi tí mo ní mò ń fi ojú lásán wọn èèyàn."

"Ẹ lọ ra awò."

Martha rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìròyìn dé. Ẹkúndayọ̀, tó ti ń dá jẹun láti ọdún mẹ́fà, fẹ́ tún un gbọ́.

Ni Martha bá ń yà síbẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n á jọ jẹ ẹ̀pà. Télọ̀ ń pè é ní "Sà mi."

Lọ́jọ́ kan Martha fi ṣẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ kí ó bá òun rán bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹkúndayọ̀ fẹ́ ṣe é lóore: ó mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó gbé èjìká sókè, ó fún ìbàdí.

Martha wọ̀ ọ́ níwájú dígí. Obìnrin ló rí, obìnrin tó lẹ́wà. Kò rí Jayé.

"Ta ló ní kí ẹ ṣe é?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n rí yín bí ẹ ṣe rí ni."

"Èjìká ẹ̀gbọ́n mi lẹ gbà lọ́wọ́ mi yẹn."

Ó bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó wọ èyí tó wọ̀ wá, ó lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ń gba ọ̀nà mìíràn. Nílé, ó ń se ìrẹsì ẹni méjì, ó ń jẹ ìdajì.

Ẹkúndayọ̀ fi bíléèdì tú gbogbo ibi tó rán lára ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lọ̀ ọ́, ó gbé e lọ sí Ìkòsí.

"Mi ò gé nǹkan kan nínú rẹ̀," ó wí lẹ́nu ọ̀nà. "Àpá abẹ́rẹ́ nìkan ni kò ní parẹ́."

Martha wọ̀ ọ́. Èjìká náà wálẹ̀ dé apá rẹ̀. "Wọ́n á tún máa pè mí ní bọ̀ọ̀dá."

"Kí wọ́n máa pè yín. Èmi mọ ẹni tí mo fẹ́ fẹ́."

"Ta ni?"

"Sà mi."

Martha rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún. Ẹkúndayọ̀ dúró síta títí ó fi sọ pé, "Wọlé, Dayọ̀."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án. Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sí ibojì. Koríko ti bo sàréè Jayé. Martha kúnlẹ̀ lápá orí, ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ lápá ẹsẹ̀, wọ́n sì ń fa koríko náà títí ọwọ́ wọn fi pàdé.