Lẹ́tà Méjì Ló Ń Bí Tíṣà Nínú

Orí àkàsọ̀ ni ọkùnrin náà wà nígbà tí Tíṣà kọ́kọ́ rí i. Ó fi eyín di búrọ́ọ̀ṣì kan mú, ó fi òmíràn há etí, ọ̀dà búlúù sì ti ta sí i láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Lẹ́tà tó ń kọ sára ògiri rẹwà débi pé Tíṣà dúró sáàárín títì, tòun ti ìwé ọmọ méjìdínlógójì tó gbá mọ́yà. Lẹ́yìn náà ló wá ka ohun tó kọ.

ENVELOPMENT COMMITTEE.

Ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè àdúgbò mà nìyẹn o! Inú bí Tíṣà bí ẹni pé òun ni wọ́n bú.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè yẹn! Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ ìyẹn?"

"Ẹ káàárọ̀, àǹtí," ni Pẹ́ńtà dá a lóhùn. "Àwọn ìgbìmọ̀ ni. Ó rẹwà, àbí?"

"Ó rẹwà, àmọ́ àṣìkọ ni. 'Development' ni ìdàgbàsókè. Èyí tẹ́ ẹ kọ yìí, kéèyàn fi nǹkan bo nǹkan yí ká ni. Ṣé wọ́n fẹ́ daṣọ bo àdúgbò ni?"

Pẹ́ńtà yọ ìwé kan lápò, ó sì họ orí. Ẹ̀yìn ẹ́nfílóòpù ni wọ́n kọ iṣẹ́ náà sí fún un. Ibi tó ti ń wo ẹ́nfílóòpù ni 'envelope' àti 'development' ti dàpọ̀ mọ́ ọn lójú.

"Lẹ́tà méjì péré ló yàtọ̀, àǹtí. Ṣé lẹ́tà méjì ló gbé yín dúró sáàárín títì?"

Ó tún un kọ lójú ẹ̀. Tíṣà pẹ́ dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà, kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà, kò sí iṣẹ́ tí Pẹ́ńtà kì í kọ́kọ́ gbé wá sí géètì ilé ìwé kí Tíṣà bá òun wò ó. Àṣìkọ ò sì tán lọ́wọ́ rẹ̀, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká rírú ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, pátákó onífọ́tò ló gbé dé. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkùnrin náà máa ń 'devour' fọ́tò.

"Ó ń jẹ fọ́tò run? Orí mi ò! 'Develop' ni, Pẹ́ńtà. Fífọ fọ́tò, 'develop' náà ni wọ́n ń pè é."

"Èyí tó jẹ́ ìdàgbàsókè yẹn? Ṣé fọ́tò ń dàgbà ni?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló bí Tíṣà nínú. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí.

Nígbà tó pé ọdún méjì, àwọn méjèèjì gbà láti fẹ́ra, ó wá ku bàbá Tíṣà. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, bírò pupa ló ṣì fi ń ka ìwé ìròyìn. Òun nìkan ló tọ́ Tíṣà dàgbà, Tíṣà ò sì ní wọlé ọkọ láìjẹ́ pé ó lọ́wọ́ sí i.

"Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ mi," ni bàbá wí, "kó fúnra ẹ̀ kọ lẹ́tà sí mi lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá lè kọ ọ́, kó wábi gbà."

Tíṣà bẹ Pẹ́ńtà títí. "Jẹ́ kí n kà á kó o tó mú un lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Rárá, Díkíṣọ́nárì mi. Bó bá jẹ́ ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ lo fẹ́ ara ẹ nìyẹn."

"Olórí kunkun!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, bàbá jókòó ní pálọ̀, Pẹ́ńtà wà níwájú rẹ̀, Tíṣà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka lẹ́tà náà, bírò pupa ń já lu ìwé. Ó dé ìlà kan, ó dúró. Pẹ́ńtà kọ ọ́ pé láti ọdún méjì ni ìfẹ́ Tíṣà ti 'envelop' òun. Tíṣà dijú. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé!

Bàbá ṣí díkíṣọ́nárì ńlá, ó kà á, ó gbójú sókè. "Ìfẹ́ bò ọ́ yí ká. Ọ̀rọ̀ yìí dùn. Ṣé ohun tó o fẹ́ kọ gan-an nìyí?"

Tíṣà ń ṣẹ́jú sí Pẹ́ńtà lẹ́yìn bàbá. Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni! Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹ, gbà pẹ̀lú mi!

Pẹ́ńtà rí i, ó sì gbójú kúrò lára ẹ̀. "Rárá, sà. Mo ṣì í kọ ni. Mo fẹ́ sọ pé ó ń dàgbà."

Bí Tíṣà bá rí díkíṣọ́nárì yẹn gbà lọ́wọ́ bàbá, ì bá sọ ọ́ lu Pẹ́ńtà.

Bàbá gbé bírò sílẹ̀. "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n á ṣì í kọ, wọ́n á tún máa bá mi jiyàn. Ọmọ mi tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn mi yìí gan-an, mi ò gbọ́ 'mo ṣì í' lẹ́nu ẹ̀ rí." Ó yíjú sí Tíṣà. "Àṣìkọ mọ́kànlá ló wà nínú lẹ́tà yìí. Ṣé o lè bá a gbé?"

Omi ti dé ojú Tíṣà, ìyẹn náà sì tún bí i nínú.

"Bàbá mi, ó ti ń múnú bí mi láti ọdún méjì. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn máa múnú bí mi."

"Ẹ lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó wá," ni bàbá wí, ó sì nawọ́ sí Pẹ́ńtà.