Àpò Ìpékeré Mẹ́jọ

Ọjọ́ Sátidé ni ìròyìn náà dé. Ká ní ó ti dé lọ́jọ́ Ẹtì ni, bóyá irọ́ kankan kì bá tí wáyé.

Ìbílọlá àti ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń bọ̀ láti àpéjọ ìjọ wọn ní ìlú Floyd, wọ́n ń padà sílé ní Wylie. Fóònù Ìbílọlá dún. Olùkọ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Mísíìsì Albert, ló kọ̀wé. Ara rẹ̀ kò yá, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Nítorí náà, ìrìnàjò Íńdíà tí ó fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méje lọ kò ní wáyé mọ́. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá rẹ̀ bi í, ojú rẹ̀ ń wo ọ̀nà.

Ìbílọlá yí fóònù dojú dé. Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni ìyá rẹ̀ dúró níwájú gbogbo àpéjọ, tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ń jẹ́rìí. "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún! Ọmọ témi nìkan tọ́! Ó ń lọ sí Íńdíà lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, òun àti olùkọ́ rẹ̀ àti ọmọbìnrin mẹ́fà!" Gbọ̀ngàn náà hó. Alàgbà Ọládèjì gbé ọwọ́ lé Ìbílọlá lórí, ó ní á lọ ire, á bọ̀ ire. Àwọn ìyá tí kò mọ̀ rí ń dì mọ́ ọn. Báwo ló ṣe máa sọ pé ó ti bàjẹ́?

"Mísíìsì Albert ni, Mọ́mì. Wọ́n ní ká má gbàgbé ìwé ìrìnnà wa."

"Olùkọ́ gidi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Olúwa á bù kún un."

Láti kékeré ni Ìbílọlá ti ń yá ìwé ìtàn ní ilé ìkàwé. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré, òun á jókòó ti ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń kùn, á máa kàwé. Inú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí Íńdíà: ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré gba inú oko músítádì kọjá, ìlú tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ òsùn kun ara ògiri rẹ̀, òjò tó ń rọ̀ tí àwọn ọmọdé ń jó sí. Ọdún mẹ́ta ló fi lá àlá ibẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Físà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe délé, ó wọ yàrá, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọ̀rẹ́olúwa, lórí fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ ṣì dáa?" ni Ọ̀rẹ́olúwa bi í.

"Ó dáa."

"Físà ńkọ́?"

"Òun náà dáa."

"Kí ló wá dé tí o ń fa imú? Girl, máa lọ jàre! Ṣé Mọ́mì fẹ́ wọ bàálù tẹ̀lé ẹ ni? Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Kí wọ́n tó fura, o ti dé."

"Tí ẹnì kan bá sọ fún wọn ńkọ́?"

"Ta ni? Èmi? Ẹnu mi yìí tí mo fi ń jẹ ìrẹsì ìyá ẹ?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Ìbílọlá kò dé inú.

Irọ́ kì í dá jókòó. Kò pẹ́ tí á fi pe àwọn àbúrò rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bọ̀, ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó dín in ní ìpékeré. Àpò kéékèèké mẹ́jọ ló kó o sí. Ó mú bírò.

"Ó yá, pe orúkọ wọn fún mi. Ẹ ò lè máa rìn lójú ọ̀nà kí ìwọ nìkan máa jẹun."

Ìbílọlá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. "Mísíìsì Albert. Jessica. Michelle..."

"Ṣé Michelle yẹn ni ẹ̀pà ń bá jà? Fọkàn ẹ balẹ̀, òróró yìí kò mọ ẹ̀pà rí." Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ó kọ orúkọ gbogbo wọn sára àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ti Ìbílọlá kẹ́yìn.

Lọ́jọ́rú, Ìbílọlá lọ síbi iṣẹ́ ìgbà ìsinmi rẹ̀, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Lewisville. Tábìlì kan náà ni òun àti Meena ti ń di páálí. Íńdíà ni wọ́n ti bí Meena, ó sì ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Òun ni àgbàlagbà àkọ́kọ́ tí Ìbílọlá sọ òtítọ́ fún.

"Èmi nìkan ni mò ń lọ. Ṣé ẹ̀rù ò yẹ kó bà mí?"

Meena rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ti dá rin ibẹ̀ rí, láti Dẹ́lì títí dé etí òkun. Má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọ ní ìlú tí o kò mọ̀. Bí o bá wọ ọkọ̀ ojú irin, wá ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, jókòó tì wọ́n. Kí o sì máa fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti ìjókòó rẹ ránṣẹ́ sílé. Ta ni o máa fi ránṣẹ́ sí?"

Ìbílọlá ti páálí iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Mọ́mì mi rò pé àwa mẹ́jọ là ń lọ."

Meena gbé téèpù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé mi rí, láti ibùdókọ̀ títí wọ inú ọkọ̀. Bí mo ṣe dìde, ó dìde. Kì í ṣe ìgboyà ló gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi mọ nọ́ńbà ọkọ̀ mi. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n sì wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Èèyàn lè dá rìn. Àmọ́ ká wà níbi tí ará ilé ẹni kò mọ̀, ibẹ̀ lewu wà."

Ìbílọlá kò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé òun, ta ni òun máa pè? Ìyá tó rò pé Jessica wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun?

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá rẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé. Kò bọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ tó fi ní kí àwọn kúnlẹ̀ gbàdúrà ìrìnàjò. Àpò ìpékeré mẹ́jọ wà lórí tábìlì bí àlejò tó jókòó.

"Olúwa, jẹ́ kí Mísíìsì Albert máa ṣíwájú wọn. Jẹ́ kí Jessica wà lọ́tùn-ún ọmọ mi, kí Michelle wà lósì rẹ̀. Bó bá kọsẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn gbé e dìde..."

Ìbílọlá la ojú. Ìyá rẹ̀ ń fi ènìyàn mọ odi yí i ká, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo nínú odi náà.

"O ò ṣe àmín," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mọ́mì, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń bá mi lọ. Láti Sátidé ni Mísíìsì Albert ti kọ̀wé. Mo parọ́ fún yín."

Ìyá rẹ̀ dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Ó mú àpò Michelle, ó yí i wò, ó sì rọra gbé e sílẹ̀.

"Lójú gbogbo ìjọ, Ìbílọlá. Mo mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ." Ó kọjú sí i. "Bí nǹkan bá ṣe ẹ́ níbẹ̀, ta ni n bá máa pè? Níbo ni n bá ní kí wọ́n wá ẹ lọ?"

Omijé dà lójú Ìbílọlá, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lójú ìyá rẹ̀.

"Mi ò lọ lọ́la, Mọ́mì. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn á ṣòfò, kó ṣòfò. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi fúnra mi ni mo máa gba ẹ̀rọ, kí n sọ fún wọn pé èmi ni mo parọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èmi ni mo fẹ́ jáde láìmú nǹkan kan. Àmọ́ mi ò ní tàn yín lẹ́ẹ̀kejì: mo ṣì máa lọ sí Íńdíà, ó sì lè jẹ́ èmi nìkan. Lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ, ẹ máa mọ ọkọ̀ mi, ẹ máa mọ ìjókòó mi, orúkọ tèmi nìkan lẹ sì máa dá nínú àdúrà, torí òun nìkan ni yóò jẹ́ òtítọ́."