Ẹnu Rẹ Ni Etí Mi

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀ tí obìnrin aránṣọ kan fi ń dá wọ yàrá ìtọ́jú lónìí. Láti ìgbà tí àìsàn ti dí i létí ní kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó máa ń tẹ̀ lé e lọ, òun ni ó sì máa ń bá a dáhùn. Nọ́ọ̀sì a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìbomú títí itọ́ a gbẹ lẹ́nu rẹ̀, bí aránṣọ bá béèrè ohun tí wọ́n wí, ẹ̀gbọ́n a ní, "Wọ́n ní kò sí wàhálà." Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wàhálà tí kò sí yẹn. Díẹ̀ ni ó kù kí ó gbé e lọ.

Lọ́dún náà, yunifásítì rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wá sí àdúgbò, kí wọ́n ṣiṣẹ́ sin àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n sì ti inú ìsìn náà kọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, jókòó síwájú aránṣọ, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Aránṣọ na ọwọ́, ó fa ìbomú akẹ́kọ̀ọ́ náà wálẹ̀.

"Èmi ni ara mi ò yá. Èmi ni kí o kọjú sí. Ẹnu rẹ ni etí mi."

"Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Olóríkunkun ni."

"Kò burú, sà. Ẹ dákun, ẹ dúró dè wá níta."

Láti ọjọ́ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru náà wò. Ní tòótọ́, òun ni ó ń gba ẹ̀kọ́ bí a ti ń bá ẹni tí ń ka ètè sọ̀rọ̀.

"Má ya ẹnu tó bẹ́ẹ̀," ni aránṣọ ń wí. "Ta ló ní kí o wá fi eyín hàn mí? Kọjú sí ìmọ́lẹ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, aránṣọ kọ́ gbogbo wọn. Ìfẹ́ sì wọlé sáàárín òun àti aránṣọ láìkan ilẹ̀kùn. Ní ọ̀sán kan, ọ̀dọ́kùnrin náà kọjú sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì: "Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"Mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Adùn rẹ̀ ni mo tún fẹ́ tọ́ wò. Mo gbà, àyànfẹ́."

Ìyá ọkùnrin náà yarí. Nígbà tí ìdílé méjèèjì pàdé nínú pálọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n aránṣọ nìkan ni ìyá náà ń bá sọ̀rọ̀. Aránṣọ bi ẹ̀gbọ́n ní ohun tí wọ́n wí.

"Wọ́n ní a kú ìjókòó."

"Bùọ̀dá, mo rí ẹnu Màmá. Wọ́n ní ta ni yóò gbọ́ igbe ọmọ." Ó dìde, ó lọ dúró níwájú ìyá náà. "Ẹ̀gbọ́n mi ní etí méjì, Màmá. Mo ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gbọ́. Ọmọ mi yóò sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ara mi yóò sì gbọ́ ọ. N kò wá tọrọ àyè. Mo wá sọ fún yín ni."

Ẹ̀gbọ́n sorí kọ́. "Òótọ́ ni ó sọ, mà. Ẹ máa bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Kí n wá máa kọ́ bí a ti ń la ẹnu kí n tó bá ìyàwó ọmọ mi sọ̀rọ̀?" ni ìyá náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ dáhùn. "Kíkọ́ ni èmi náà kọ́ ọ."

Àwọn olólùfẹ́ méjèèjì kò dúró de ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí a bi ìyàwó léèrè bóyá ó gbà, ẹ̀gbọ́n ti la ẹnu kí ó tó rántí, ó sì yára pa á dé. "Mo gbà," ni ìyàwó wí, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ.

Ìyá ọkọ jókòó sẹ́yìn, ó yíjú sí ògiri. Títí di òní, kò tíì kí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìkíni ojúkojú kan ni ó ṣì jẹ aránṣọ ní gbèsè.