Irin Tó Ń Ké

Qiuyan gbé ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà sún mọ́ etí, ó rọra tẹ̀ ẹ́, irin náà sì ké. Igbe kékeré gbígbẹ ni, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rún èèpo ẹyin lọ́wọ́. Kò sí ọmọ Gejiu tí kò mọ igbe yẹn. Kùsà ni wọ́n ń wà nílùú náà láti ayé àwọn baba ńlá wọn, irin funfun tí wọ́n fi ń bo agolo kó má baà dípẹtà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá kùsà dára, etí ni wọ́n fi ń dán an wò. Èyí tó bá ké, ojúlówó ni. Èyí tí kò ké, wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn.

"Ṣó o gbọ́?" Dagang, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, bi í láti ẹ̀yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Mo gbọ́, Bọ̀dá."

Dagang ní kì í ṣe kùsà lèyí o, índíọ́mù ni, irin tí wọ́n fi ń ṣe ojú fóònù, tí kò sì wọ́pọ̀ láyé. Ó ní àwọn olówó Shanghai ò wo wúrà mọ́, irú irin báyìí ni wọ́n ń rà pamọ́, torí iye rẹ̀ á ti lé ní ìlọ́po méjì kí ọdún tó yípo. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dùn ún jù. "Àbí o rò pé àwọn ará ilé yín máa rán ẹ lọ sí yunifásítì? Ìyàwó Weilin ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀."

Inú ti ń bí Qiuyan tẹ́lẹ̀. Ọdún yẹn ló máa ṣe ìdánwò àṣewọ yunifásítì, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó Weilin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ nílé. Ẹ̀yà Yi ni wọ́n, ìyá àgbà ló sì máa ń fi fàdákà ṣe ìyàwó ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà á tú aṣọ, á kó ẹ̀gbà ọrùn ńlá kan àti ẹ̀gbà ọwọ́ méjì jáde, á máa fi eérú nù wọ́n títí wọ́n á fi máa dán. Qiuyan á jókòó ti ìwé rẹ̀, á máa wò wọ́n. Òun tó ń pọn omi, tó ń fọ ẹsẹ̀ ìyá àgbà, kò sí nǹkan kan fún òun. Ẹni tí kò tíì wọlé wọn rí ló ni gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, tí ìyá àgbà ti nù wọ́n tán, tó sì di wọ́n pa de ọjọ́ ìgbéyàwó, Qiuyan jí ẹ̀gbà ọwọ́ méjèèjì. Ó fi ti ọrùn sílẹ̀ torí kò ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ iléèwé. Dagang gba fàdákà, ó fún un ní ọ̀pá irin mẹ́ta. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló kó wọn sí. Bí inú bá ti bí i, á fa ọ̀kan yọ, á tẹ̀ ẹ́ sétí, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ìgbà tó yá, olùkọ́ kẹ́mísírì ń sọ̀rọ̀ nípa irin. Ó ní kùsà ń ké bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, índíọ́mù náà ń ké, ṣùgbọ́n índíọ́mù rọ̀ débi pé èékánná máa ń wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tó bá wọ àbẹ́là. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Qiuyan wo èékánná rẹ̀.

Ó sáré délé, ó fi èékánná gún ọ̀pá náà. Èékánná ya, irin ò ṣe bíi pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Kùsà lásán, ní ìlú tó kún fún kùsà. Inú bí i, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù Dagang lọ.

Ó bá ìyá Peng níbẹ̀, opó tó ń sun tòfú, wàrà ẹ̀wà sóyà, ní ìkóríta, tó gbé irin sétí, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dagang, irọ́ lo pa fún mi. Kùsà ni." Kò pè é ní Bọ̀dá.

Dagang ò tiẹ̀ jáyà. Ó fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣebí etí ẹ lo fi gbọ́ ọ? Wọ́n ti yọ́ fàdákà yẹn. Tó o bá fẹ́, lọ fẹjọ́ sùn. Ṣé o máa sọ ẹni tó jí i fún wọn?"

Ó mọ̀ pé bí òun bá panu mọ́, kò sẹ́ni tó máa tètè mọ̀. Ó wo ìyá Peng, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí iná tòfú ti bó, ara rẹ̀ ò gbà á.

"Ẹ fi èékánná gún un, Mọ̀mí. Kùsà ni. Fàdákà ìyá àgbà wa ni mo jí tí mo fi ra tèmi."

Ìyá Peng gún irin náà, ó gún un lẹ́ẹ̀kejì, ó jù ú sórí káńtà, ó sì bọ́ sígboro. Dagang ń bú Qiuyan lọ́mọ aláìmoore. Kí Qiuyan tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ìyá àgbà jókòó, ó tẹ́ aṣọ fàdákà sórí itan. Qiuyan ò bẹ̀bẹ̀. Ìbínú tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí ló bú jáde. "Kò sí nǹkan tó jẹ́ tèmi nínú ilé yìí, Màmá."

Ìyá àgbà gbójú sókè. Qiuyan ò rí irú ojú yẹn rí.

"Ẹ̀gbà ọrùn ni ti ìyàwó Weilin. Ẹ̀gbà ọwọ́ tó o kó fún olè yẹn, tìẹ ni. Mo fẹ́ tà á tó o bá yege, kó o fi wọ yunifásítì. Torí kó lè gbówó lórí ni mo ṣe ń nù ún. Ojú ẹ ni mo ti ń nù ún, Qiuyan. O ò bi mí rí."

Ìyàwó Weilin dé, ẹ̀gbà lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ lásán bí ìyá àgbà ti pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ra nǹkan lọ́wọ́ Dagang mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Qiuyan yege, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ agolo ló lọ, kó lè fúnra rẹ̀ wá owó iléèwé tó ti wà nílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá irin mẹ́ta náà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀. Kò tẹ̀ wọ́n mọ́. Inú ṣì ń bí i sí Dagang, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Dagang kọ́ ló kọ́kọ́ tan òun jẹ. Òun ló fi ìbínú dájọ́ fáwọn ará ilé òun, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè kan péré ni ì bá gba gbogbo rẹ̀ là.