Kò Béèrè Pásíwọ́ọ̀dù

Fọláṣadé ló ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ọsibítù kan ní Ìkìrun. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìjọ Aládùúrà kan ní Òkukù fi orúkọ ọmọ ìjọ mọ́kànlélógún ránṣẹ́ sí i. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè ṣí ìwé náà.

Ó rí áàpù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní òun lè ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bó ṣe fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní kó mú pásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá wá.

"Pe Bọ̀dá Olúwọlé," ni Ayọ̀dàmọ́lá, akẹgbẹ́ rẹ̀, wí. Olúwọlé ló ń bójú tó gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni pásíwọ́ọ̀dù náà wà.

"Àná ni mo pè wọ́n nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wọ́n á ní mo ti sọ wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀."

"Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbowó oṣù jù ẹ́ lọ."

Fọláṣadé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pè. Ó rí i pé ọ̀nà mìíràn wà: kó ní kí áàpù náà jẹ́ ti òun nìkan, kì í ṣe ti gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Áàpù wọlé, kò béèrè nǹkan kan.

"Ṣé o rí i? Tó bá léèwọ̀ ni, ì bá kọ̀."

"Olè kì í kanlẹ̀kùn," ni Ayọ̀dàmọ́lá fèsì, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé obìnrin kan, Mofolúwakẹ́, dé láti Igbaye. Ó ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kò sì sí nínú fíríìjì. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

"Ta ló ní ẹ̀jẹ̀ O nẹ́gétíìfù nítòsí? Ẹ fún mi ní nọ́ńbà wọn."

Fọláṣadé ṣí ìwé orúkọ. Lẹ́tà wúruwùru ló rí. Ó lọ sórí kọ̀ǹpútà Ayọ̀dàmọ́lá. Bákan náà ni.

Olúwọlé dé, ó wò ó fínnífínní. "Kí lo gbé sórí ẹ̀?"

"Áàpù kan ni, sà. Mo ní kó jẹ́ tèmi nìkan."

"Wọ́n so àwọn kọ̀ǹpútà yìí pọ̀, Fọláṣadé. Gbogbo ìwé tí ọwọ́ rẹ dé ni ọwọ́ áàpù náà dé. Ó ti tì wọ́n pa." Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn gan-an ló dun Fọláṣadé jù. "O ò bá pè mí."

Ẹ̀dà ìwé orúkọ náà kan ṣoṣo ló kù, nínú àpótí tí Olúwọlé fi kọ́kọ́rọ́ tì ní ẹ̀ka ọsibítù wọn ní Òkukù. Olúwọlé gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Nígbà tó máa fi ka nọ́ńbà fún wọn lórí fóònù, aago méjì ààbọ̀ ti lù.

Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Jọláyẹmí, káfíńtà láti Inísà, wọlé. Ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lórí rẹ̀, ó ti ká apá aṣọ sókè.

"Èmi lẹ pè. Apá wo lẹ fẹ́?"

Mofolúwakẹ́ ti kú ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ ń ké ní yàrá kejì. Fọláṣadé fúnra rẹ̀ ló bá Jọláyẹmí sọ apá aṣọ rẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́, bí áàpù kan bá wọlé láìbéèrè pásíwọ́ọ̀dù, ìyẹn kì í ṣe àṣẹ. Ohun tó bá wọ orí kọ̀ǹpútà yín lè ba ti gbogbo ilé iṣẹ́ jẹ́. Ẹ má gbé ohunkóhun sórí ẹ̀ fúnra yín. Bí ẹ bá sì ti ṣèèṣì gbé e, ẹ yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tètè sọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà ìwé tó ṣe kókó wà níbi tí ọwọ́ á ti tètè tó o. Kí ẹ sì pe ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àná lẹ pè é kẹ́yìn.