Ohun Tó Dí Ẹnu Fèrè Èémí-Ò-Lópin

“Lọ́jọ́ tí mo fọn fèrè yìí létí odò, àwọn ẹja ló jáde wá jó lórí yanrìn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bi mí pé ìgbà wo ni mo tún ń bọ̀!”

Báyìí ni ọkùnrin tí à ń pè ní Èémí-Ò-Lópin ṣe máa ń ṣí ẹnu kó tó ṣí àpótí fèrè sàsofóònù rẹ̀.

Àmọ́ ká sọ òtítọ́, ó mọ fèrè í fọn. Atukọ̀ ojú omi ni bàbá bàbá rẹ̀. Orin tí bàbá náà ń kọ bó bá ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọmọ yìí gbé wọnú orin jáàsì, tó fi di olókìkí. Orin náà á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, títí á fi balẹ̀ sórí ohùn tó jìn jù lọ nínú fèrè, bí ìgbà tí àjẹ̀ bá wọ omi.

Ọtí ni kò jẹ́. Ó ń mu ún débi pé bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, ẹ̀fọn náà á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sílé. Kò pẹ́ tí èémí Èémí-Ò-Lópin fi bẹ̀rẹ̀ sí í lópin. Àárín orin ló ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Bẹ́ẹ̀, olórí ẹgbẹ́ olórin wọn ti darúgbó, ó sì ti là á mọ́lẹ̀: “Lọ́jọ́ Sátidé, níwájú èrò, bí o bá fọn orin atukọ̀ dé ìsàlẹ̀ láìjá, ìwọ ni mo fi ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́. Bó bá já, kó ẹrù rẹ.”

Nígbà tí ọjọ́ pé, oníjìtá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ti gba Jésù gbọ́, wọlé bá a nínú yàrá ìmúra.

“Ọ̀rẹ́ mi, èémí yìí kì í ṣe tìẹ. Ẹni tó fún ọ ni kó o lọ bá. Jẹ́ ká gbàdúrà.”

“Pásítọ̀ oníjìtá! Okùn jìtá rẹ já lánàá, ṣé àdúrà lo fi so ó?”

“Mo ra tuntun. Ta ló ń ta ẹ̀dọ̀fóró tuntun?”

Èémí-Ò-Lópin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò kọjá eyín. Ó ti ra oògùn kan tó tó ìkúùkù, tí wọ́n fi aṣọ pupa dì. Wọ́n ní á máa bá a mí. Bí oníjìtá ṣe jáde báyìí, ó rọ ọ́ sẹ́nu fèrè níbi tí ohùn ń gbà jáde, ó tì í mọ́lẹ̀ gbọin.

Ó gun orí ìtàgé. Orin gòkè, èrò hó yèè. Orin ń sọ̀ kalẹ̀, olórí ẹgbẹ́ na etí. Òógùn ń ro tótó lára ọkùnrin wa. Ó ku ohùn ìkẹyìn, èyí tí kò ní ihò mìíràn tó lè gbà jáde ju ẹnu fèrè lọ.

Ó fọn ọ́n. Kò dún. Ó tún fọn ọ́n. Fèrè ké “kùúù” bí ewúrẹ́ tó há sínú ìkòkò. Iṣan ọrùn rẹ̀ ta bí okùn.

“Kí ló dí i?” Olórí ẹgbẹ́ gba fèrè, ó kiwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa aṣọ pupa jáde lójú gbogbo ayé. Ohun tí Èémí-Ò-Lópin rà pé kó bá òun mí ló fún fèrè lọ́rùn!

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn: “Bàbá, ẹ wò ó dáadáa, bóyá ẹja ni!”

Èémí-Ò-Lópin fò sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Eré tó sá, òjìji rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun. Ẹnu ọ̀nà ilé oníjìtá ló ti wó lulẹ̀, tí kò lè mí mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé e bá, ó kúnlẹ̀ tì í. Èémí àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà rí fà, kò fi fọ́nnu. Ó ní: “Jésù, gbà mí.” Jésù sì gbà á.

Ìwọ tó ò ń kàwé yìí, má rẹ́rìn-ín jù. Kí ni ìwọ rọ sẹ́nu fèrè tìrẹ? Ọtí ni àbí oògùn? Àbí ẹnu ńlá? Ohùn ìkẹyìn ń bọ̀, Ọlọ́run á sì kiwọ́ bọ̀ ọ́ níwájú gbogbo ayé. Fà á jáde lónìí. Bó o bá máa sá, tọ Jésù ni kó o sá lọ, nígbà tí èémí ṣì ń bẹ.